Kérésì ọdún yìí: àwa àti àwọn ọmọ wa nìkan, àbí gbogbo ẹbí?

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìmúra ọdún o. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ, ọ̀dọ̀ àwọn òbí ọkọ mi ni gbogbo ẹbí máa ń pé sí ní Kérésì. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àwọn àbúrò rẹ̀, tìyàwó tọkọ, tọmọ tọmọ, àti àwọn ìbátan tí n kò tíì mọ orúkọ wọn tán. Mo fẹ́ràn wọn, n kò sì bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀ jà. Àmọ́ mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Iṣẹ́ ọkọ mi kò jẹ́ ká rí i sójú lọ́dún yìí, àwọn ọmọ méjèèjì tó dàgbà sì ń bi mí léraléra pé ìgbà wo ni bàbá àwọn máa jókòó ti àwọn. Èmi àti ọkọ mi ti jọ sọ ọ́ pé a ò ní lọ síbì kankan ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá. Ilé wa la máa wà, àwa márùn-ún péré.

Ibi tó ti le ni pé ìyá ọkọ mi ti ń pín yàrá. Ọkọ mi ní òun á sọ fún wọn, kò tíì sọ. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé bí wọ́n bá gbọ́, wọ́n á rò pé èmi ni mo dí ọmọ wọn lọ́nà. Ẹ̀yin tí irú èyí ti dé bá rí, báwo lẹ ṣe sọ ọ́ tí kò fi dìjà? Àbí ká kàn lọ ni?

Àkànní

Ọkọ rẹ ló gbọ́dọ̀ sọ ọ́, kó sì sọ ọ́ lọ́sẹ̀ yìí. Nílé tiwa, èmi ni mo máa ń pe ìyá tó bí mi, ìyàwó mi a sì pe ìyá tiẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í jíṣẹ́ fún ẹnì kejì. Bí mo bá ń sọ̀rọ̀, "a ti pinnu" ni mo máa ń wí. N kì í sọ pé "ìyàwó mi ní ó rẹ òun", bó tilẹ̀ jẹ́ òótọ́, torí gbólóhùn kan yẹn lè lẹ̀ mọ́ obìnrin lára fún ọ̀pọ̀ ọdún nínú ẹbí.

Kó pè wọ́n, kó má fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Bí ọ̀nà ò bá jìn, kó lọ jókòó tì wọ́n, kó sọ ọ́ lójúkojú.

Ìyá Àgbà Onílé

Ọmọ mi, o kú ewu ọmọ. Ọlọ́run á wò ó o.

Ọ̀dọ̀ mi ni àwọn ọmọ tèmi náà máa ń kóra jọ sí, torí náà jẹ́ kí n sọ bó ṣe máa ń rí fún ẹni tó ń gba èèyàn sílé, kí o lè mọ ohun tó ṣeé ṣe kó wà lọ́kàn ìyá ọkọ rẹ.

Kí ọmọ má wá kọ́ ló máa ń dùn mí jù. Ohun tó ń dùn mí ni kí wọ́n ti mọ̀ tipẹ́ pé àwọn ò ní wá, kí wọ́n dákẹ́, kí n ti tẹ́ ibùsùn wọn, kí n ti sọ fún àwọn tó kù pé lágbájá ń bọ̀, kó wá ku ọ̀la kí fóònù tó dún. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí máa ń rò pé àwa ìyá ń ṣe àṣejù. Kì í ṣe àṣejù rárá. Bí a ṣe ń dàgbà sí i, ìgbà tí gbogbo ọmọ yóò pé síwájú ẹni kò pọ̀ mọ́, a sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pín yàrá nígbà tí ọdún ṣì jìnnà.

Ẹ má sì parọ́ fún wọn. Ẹ má sọ pé ọkọ̀ bàjẹ́, ẹ má sọ pé ara ọmọ ò yá nígbà tí ara rẹ̀ le. Àwọn ọmọ tó dàgbà yẹn ò ní lè pa á mọ́. Bí ìyá àgbà wọn bá bi wọ́n lórí fóònù, wọ́n á sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Bí irọ́ bá ti tú, ìgbà mìíràn tí ọmọ bá ṣàìsàn lóòótọ́, wọn ò ní gbà á gbọ́. Sọ òótọ́ inú rẹ: "Mọ́mì, ó rẹ̀ wá, ọjọ́ yẹn la fẹ́ fi bá àwọn ọmọ jókòó." Ẹni tó bá ti tọ́mọ rí mọ ohun tó ń jẹ́ àárẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ kí o di mú jù lọ rèé. Bí ẹ bá gba ọjọ́ kan lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ fún un ní òmíràn lójú ẹsẹ̀. Kì í ṣe "a máa yọjú tó bá yá" o. Ẹ dá ọjọ́. Bí ọmọ mi bá sọ pé òun ò ní lè wá ní Kérésì, àmọ́ òun, ìyàwó òun àtàwọn ọmọ ń bọ̀ ní ọjọ́ 28, àwọn á sì sùn mọ́jú, inú mi á dùn, torí mo ti ní nǹkan tí mò ń retí. Mo tún fẹ́ kí o mọ̀ pé lọ́jọ́ tí ilé bá kún, èmi fúnra mi kì í jókòó. Mi ò kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni parí. Ọmọ tó bá dá wá lẹ́yìn tí gbogbo ariwo bá ti rọlẹ̀ ni mo máa ń rí bá sọ̀rọ̀.

Bàbá Tó Ń Dá Tọ́mọ

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Mọ́mì yìí pátápátá. Kérésì kì í ṣe ọjọ́ kan ṣoṣo. Nínú kàlẹ́ńdà ìjọ, ọjọ́ 12 ni, láti ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá títí di ọjọ́ 5 oṣù Kìíní, kó tó wá kan àjọ̀dún Ìfihàn ní ọjọ́ 6. Àwọn ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì ní Rọ́ṣíà àti Serbia, àti àwọn Kristẹni Etiópíà, ọjọ́ 7 oṣù Kìíní ni tiwọn. Ìjọba Ukraine gbé àyájọ́ Kérésì kúrò ní ọjọ́ 7 oṣù Kìíní bọ́ sí ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá ní ọdún 2023. Bí odindi orílẹ̀-èdè bá lè sún ọjọ́ yìí, ẹbí kan náà lè jókòó kí wọ́n sún tiwọn.

Èmi àti ìyá àwọn ọmọ mi ò gbé papọ̀ mọ́. Bí wọ́n bá wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Kérésì ọdún yìí, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n máa wà lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹni tí kò bá ní wọn lọ́jọ́ náà, á ṣe tiẹ̀ ní ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, á sì ṣe é bí ọdún gan-an: ẹ̀bùn, àdúrà, orin, gbogbo ẹ̀. Ọmọdé kì í fi kàlẹ́ńdà díwọ̀n ayọ̀. Bí àwọn àgbà bá fi ọ̀yàyà ṣe ọjọ́ náà, ọdún ló jẹ́ lójú wọn. Bó bá jẹ́ pé àgbà ló ń sọ kiri pé "a ò rí Kérésì ṣe lọ́dún yìí", nígbà náà ni ọkàn wọn máa bàjẹ́.

Fún ẹnikẹ́ni tó bá wà nírú ipò tèmi: ẹ fẹnu kò kí oṣù Kẹsàn-án tó parí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ kọ wákàtí tí ẹni kan máa mú ọmọ wá àti wákàtí tí ẹnì kejì máa gbà á. Ẹ má bi ọmọ pé ọ̀dọ̀ ta ló fẹ́ wà. Ẹrù yẹn wúwo jù fún ọmọdé. Ẹni tó bá yàn, á máa rò pé òun ti ṣẹ ẹnì kejì.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta, ẹ kú ewu o. Ọmọ á ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó nígbà yẹn?

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta

Ẹ ṣé o, ẹ̀yin ará, mò ń ka gbogbo rẹ̀. Á ti pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún? A jẹ́ pé ìdí tó lágbára wà tí ẹ fi lè dúró sílé, kì í sì í ṣe ìdí tẹ́ ẹ máa fi bo nǹkan mìíràn mọ́lẹ̀. Ẹ sọ ọ́ fún ìyá ọkọ yín bó ṣe rí.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń dènà ikọ́ líle tó máa ń dí ọmọ ìkókó lémìí kì í bẹ̀rẹ̀ kó tó pé ọ̀sẹ̀ 6, ní àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ó di oṣù 2. Nínú ilé tí èèyàn kún, ikọ́ tí kò ṣe àgbàlagbà ní nǹkan kan lè gbé ọmọ ọ̀sẹ̀ márùn-ún dé ilé ìwòsàn. Ohun mìíràn tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀: bí ẹnikẹ́ni bá ní egbò wẹ́wẹ́ tó máa ń yọ sétí ẹnu, kò gbọ́dọ̀ fẹnu ko ọmọ ìkókó lẹ́nu tàbí lójú. Kòkòrò tó ń fa egbò yẹn lè pa ọmọ tuntun. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé a kórìíra ẹni tó fẹ́ gbé ọmọ. Kí kálukú fi ọṣẹ fọwọ́ dáadáa kó tó gbé e, kí ẹni tó ń wúkọ́ tàbí tí imú rẹ̀ ń dà wò ó láti òkèèrè. Kí bàbá ọmọ ló sọ ọ́ ní gbangba bí ẹ bá ti wọlé, kó má jẹ́ ẹ̀yin ni ẹ ó máa gba ọmọ lọ́wọ́ àwọn èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ara ọmọ tí kò tíì pé oṣù 3 bá gbóná dé ìwọ̀n 38 lórí tẹ̀mómítà, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ọdún ì báà máa lọ lọ́wọ́.

Fún àwọn tó máa lọ sí ilé èrò ní tiwọn, mo ní nǹkan mẹ́ta tí mò ń rí ní ẹnu iṣẹ́ lásìkò yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Oorun ọmọ. Bí ibùsùn ò bá tó, wọ́n á ní kí ọmọ ìkókó sùn sáàárín àgbàlagbà lórí àga ìrọ̀gbọ̀kú. Ẹ má gbà. Ẹ gbé ibùsùn rẹ̀ dání, ẹ fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀, kó dá sùn lórí ibi tó tẹ́jú, láìsí ìrọ̀rí àti aṣọ tó pọ̀ lára.

Oògùn. Àwọn àgbà máa ń fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti oògùn ìtọ̀ ṣúgà sínú báàgì, báàgì á sì wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nínú ilé tó jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò ní ọmọdé tẹ́lẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní ronú kàn án. Bí ẹ bá ti dé, ẹ bèèrè ibi gíga tí gbogbo báàgì lè wà.

Bátìrì kékeré roboto tó ń wà nínú ohun ìṣeré àti nínú rìmóòtù. Bí ọmọ bá gbé e mì, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í jó ọ̀nà ọ̀fun láàárín wákàtí 2. Ẹ má dúró dìgbà tó máa ṣu ú jáde. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Àbíkẹ́ Òwúrọ̀

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹ̀gbẹ́ kejì, torí gbogbo wa ti ń fà sí ibì kan.

Èmi gbà pé bí ọmọ bá ti kúrò ní ìkókó, kí ẹ máa lọ. Àárín ẹbí ni ọmọ ti ń mọ̀ pé òun ní èèyàn. Ọmọ tó jẹ́ pé bàbá àti ìyá rẹ̀ nìkan ló mọ̀, bí nǹkan bá ṣe àwọn méjèèjì, ta ni yóò sá bá? Ìbátan tí wọ́n jọ ṣeré ní kékeré ni yóò dìde sí i lọ́jọ́ tí nǹkan bá le, ẹni tí wọn ò jọ ṣeré rí á kàn máa gbọ́ orúkọ rẹ̀ ni. Ẹ wo ìdílé tí a ń torí rẹ̀ ṣọdún gan-an. Kí Màríà tó bímọ, ọ̀dọ̀ Èlísábẹ́ẹ̀tì ìbátan rẹ̀ ló lọ, ó sì lo bí oṣù mẹ́ta níbẹ̀. Nígbà tí Jésù wà lọ́mọ ọdún 12, Lúùkù sọ fún wa pé ìrìn ọjọ́ kan gbáko ni Jósẹ́fù àti Màríà rìn láìrí i, torí wọ́n rò pé ó wà láàárín àwọn tí wọ́n jọ ń rìn. Àwọn ìbátan àti ojúlùmọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ wá a lọ sọ́dọ̀ wọn. Irú ẹbí tí ọmọ lè wà lọ́wọ́ wọn fún odindi ọjọ́ kan tí ọkàn òbí balẹ̀, a kì í rà á. Ó ní bí a ṣe ń jókòó tira wa kó tó di irú ẹ̀.

Ẹ rántí ọdún 2020. Nítorí àrùn Kòrónà, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló ní kí oníkálukú wà nílé rẹ̀ ní Kérésì. Àwọn tó ti ń sọ tẹ́lẹ̀ pé ẹbí pọ̀ jù, mo rí bí wọ́n ṣe ń sunkún lójú fóònù.

Àkànní

Ọ̀rọ̀ yín dùn, àǹtí mi. Àmọ́ lóru ọjọ́ tí wọ́n bí i gan-an, Lúùkù ò dárúkọ ìbátan kankan níbẹ̀. Ìyá, bàbá, ọmọ, lẹ́yìn náà ni àwọn olùṣọ́ àgùntàn dé. Àyè wà fún méjèèjì nínú ìtàn yẹn.

Àbíkẹ́ Òwúrọ̀

Mo gbà, Àkànní. Ọmọ ọ̀sẹ̀ márùn-ún kọ́ ni mò ń sọ nípa rẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí "ọdún yìí nìkan" má di ìwà.

Fún àwọn tó fẹ́ lọ àmọ́ tí wọn ò fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ gbé wọn mì: ẹ sọ wákàtí tí ẹ máa kúrò kí ẹ tó dé ibẹ̀, ẹ má dúró di ìgbà tó bá sú yín. Ẹ wọ ọkọ̀ tiyín, ẹ má bá ẹlòmíràn wọ ọkọ̀, kí ẹ lè kúrò nígbà tí ẹ bá fẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ máa sùn, tí agbára wà, ẹ sùn síbòmíràn nítòsí. Ìgbéyàwó mìíràn wà tó jẹ́ pé àìní yàrá tí a lè ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ló ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín tọkọtaya lásìkò yìí. Bí ọ̀nà bá sì jìn, kí ẹni tó ń wakọ̀ sinmi ó kéré tán ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn wákàtí 2 kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ń wakọ̀ lálẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣeré láti àárọ̀, oorun á sì gbé wọn.

Ẹ̀gbọ́n Obìnrin

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná, mo ní kí n dákẹ́, ọkàn mi ò gbà.

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ilé méjì ni olúkúlùkù ní: ilé kékeré tó ní ọkọ àti ọmọ, àti ilé ńlá tó ní ẹbí. Èmi ò ní ilé kékeré yẹn. N kò lọ́kọ, n kò bímọ, àwọn òbí mi ti kú. Àwọn àbúrò mi àti àwọn ọmọ wọn ni ẹbí mi. Bí àbúrò mi kan bá ní òun àti ìyàwó òun àtàwọn ọmọ nìkan ni lọ́dún yìí, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Bí èkejì bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀tọ́ tiẹ̀ náà ni. Bí ẹ̀kẹta bá sọ bẹ́ẹ̀ tán, ibo lẹ fẹ́ kí n lọ? Ẹnikẹ́ni nínú wọn ò ṣẹ̀ mí, síbẹ̀ èmi nìkan ni mo máa jókòó sílé ní ọjọ́ tí gbogbo ayé ń pé jọ.

Ohun tí mo sì kórìíra jù ni kí wọ́n pè mí ní ọjọ́ tó ṣáájú ọdún, kí wọ́n ní "àǹtí, ẹ ò bá kúkú wá sọ́dọ̀ wa". Mo máa ń mọ̀ pé wọ́n ti ṣètò tán kí wọ́n tó rántí mi. Bí ẹ bá fẹ́ dúró sílé yín, ẹ dúró, inú mi dùn sí i fún yín. Mo kàn ń bẹ̀ yín pé kí ẹ tó fẹnu jóná, ẹ wo inú ẹbí yín yí ká, kí ẹ wo ẹni tí ìpinnu yín máa fi sílẹ̀ lóun nìkan. Opó lè wà níbẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọkọ sílẹ̀ lè wà níbẹ̀. Ọmọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní ibi tó jìnnà, tí kò ní ọ̀rẹ́, lè wà níbẹ̀. Ẹ pè é kí ẹ tó pinnu, má ṣe jẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Ìyá Àgbà Onílé

Ẹ̀gbọ́n Obìnrin, mo kí yín tọkàntọkàn. Ẹ ṣé tí ẹ kò dákẹ́.

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣé gan-an. Mo ka tiyín sókè fún ọkọ mi. Ó ní ẹ̀gbọ́n obìnrin tó dàgbà jù nínú wọn, tí kò lọ́kọ, tó jẹ́ pé ọkọ̀ wa ló máa ń bá lọ sílé àwọn òbí wọn lọ́dọọdún. Bí a ò bá lọ, òun náà ò ní rí bá lọ. A ti gbé fóònù báyìí, a fẹ́ kọ́kọ́ bá wọn sọ̀rọ̀ ká tó pe Mọ́mì.

Olùtọ́jú Bàbá

Bí ẹ ṣe ń bá ìyẹn lọ, ẹ gbà mí láyè kí n fi tèmi kún un, torí ó lè wúlò fún ẹlòmíràn.

Bàbá mi ní àrùn ìgbàgbé. Nígbà tí gbogbo ẹbí bá kóra jọ, gbogbo èèyàn á fẹ́ kí wọn, wọ́n á máa bi wọ́n pé "ẹ ṣì rántí mi?" Ìbéèrè yẹn ń fìyà jẹ wọ́n. Wọ́n mọ̀ pé ó yẹ kí àwọn mọ ẹni náà, wọn ò sì mọ̀ ọ́n. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, nígbà tí iyè àwọn tó ní àrùn yìí máa ń túbọ̀ pòrúurùu, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ní kí n mú àwọn lọ sílé, nínú ilé ara wọn.

Ní báyìí, a ti pín ọjọ́. Ìdílé kan máa ń wá lẹ́ẹ̀kan, ní òwúrọ̀, kí oòrùn tó mú. Wọ́n á dárúkọ ara wọn bí wọ́n bá ti wọlé: "Dádì, èmi lágbájá, ọmọ yín kẹta." Kò sẹ́ni tó ń dán wọn wò mọ́. A máa ń pa tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n ń kọrin Kérésì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, orin yẹn ò kúrò lórí wọn rárá. Nítorí náà, ẹ má rò pé kéèyàn mọ níwọ̀n túmọ̀ sí pé ìfẹ́ dín kù. Fún bàbá wa, òun gan-an ni ìfẹ́.

Kò Fẹ́ Dárúkọ

Ẹni tó bá ní ìbátan tó ti fọwọ́ kan ọmọ kan lọ́nà tí kò tọ́ rí, tàbí tó máa ń lu èèyàn bó bá ti mutí, ẹ má bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí lílọ tàbí àìlọ. Ẹ má gbé ọmọ lọ síbẹ̀. Ẹ ò jẹ ẹnikẹ́ni ní àlàyé ju "a ò ní wá níbi tí ó bá wà" lọ. Bí wọ́n bá ní kí ẹ gbàgbé torí ọdún, ẹ má gbàgbé.

Àdùkẹ́ Jẹ́jẹ́

Ọkọ mi kú nínú ọdún kan tí Kérésì ti sún mọ́lé. Àwọn ẹbí rẹ̀ ní kí n wá, àwọn ẹbí mi ní kí n wá, mo sì fẹ́ kí gbogbo ayé fi mí sílẹ̀. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni pé ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kan sọ fún mi pé: "Má dá wa lóhùn báyìí. Bí o bá jí láàárọ̀ ọjọ́ náà tó bá wù ọ́, máa bọ̀. Bí kò bá wù ọ́, àwa náà ò ní bínú." Mo lọ fún wákàtí díẹ̀. Wọ́n dárúkọ rẹ̀ níbi àdúrà, wọn ò ṣe bí ẹni pé kò gbé ayé rí. Lẹ́yìn náà ni èmi àti ọmọ mi padà sílé.

Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ kì í mọ ohun tó ń fẹ́ ṣáájú. Ẹ fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún un, kí ẹ má sì béèrè ìdáhùn.

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta

Ẹ̀yin ará, mo ti dé.

Ọkọ mi kọ́kọ́ pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní kí wọ́n wá bá wa ṣọdún nílé wa láti ọjọ́ 24. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní àwọn á wá, pé ó ti pẹ́ tó ń wu àwọn láti wà ní ibi tí kò ti sí ariwo. A ò ní jẹ́ márùn-ún mọ́, àwa mẹ́fà ni, ó sì tẹ́ wa lọ́rùn.

Lẹ́yìn ìyẹn ló pe Mọ́mì. "A ti pinnu" ló sọ, kò dárúkọ mi. Ó sọ ti àárẹ̀, ó sọ ti ọmọ àti abẹ́rẹ́ rẹ̀, ó sì dá ọjọ́: ọjọ́ 29, a máa sùn níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó dùn wọ́n, n kò ní parọ́. Wọ́n bi í pé ṣé nǹkan kan wà láàárín èmi àti àwọn ni, ó ní rárá. Wọ́n ní kí ó fún mi ní fóònù. Èmi náà sọ fún wọn pé rárá. Wọ́n wá ní nǹkan kan ṣoṣo làwọn ń fẹ́: kí àwọn ọmọ pe àwọn lórí fóònù tó ń fi àwòrán hàn ní ọjọ́ Kérésì, kí àwọn lè gbàdúrà fún wọn. Wọ́n ní yàrá wa á wà bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ 29, àwọn ò ní fún ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin àgbà, ìgbà wo ló dára ká pè?

Ìyá Àgbà Onílé

Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni, ọmọ mi, kí àlejò tó bẹ̀rẹ̀ sí í dé bá wọn. Bó bá ti di ọ̀sán, wọn ò ní gbọ́ nǹkan kan nínú ariwo, gbogbo èèyàn á sì máa já fóònù gbà. Jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní nǹkan tó fẹ́ sọ, kí wọ́n má kàn máa wo ojú fóònù. Má sì yára gé e.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Nítorí ọjọ́ 29 yẹn: ọmọ á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń fún un ní abẹ́rẹ́ bóyá wọ́n á ṣí ní àárín ọdún, kí ẹ mọ ọjọ́ tó máa gbà á. Kí bàbá ọmọ sì pe ilé ní ọjọ́ 28, kó béèrè ẹni tó ń wúkọ́.